Òkúta Inú Táǹkì Ọláwuyì

Ọ̀rẹ́ mi, má tíì fi ìwé kékeré yìí wé ẹ̀pà. Kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta omi ní Bàrígà ni, ṣùgbọ́n kí a tó parí rẹ̀, wàá rí i pé ó kàn ọ́.

Ọláwuyì ni orúkọ rẹ̀. Ó gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ kan sí etí ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń gbé, ó sì gbé táǹkì dúdú ńlá kan sórí irin. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn omi níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti Hadassah, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní, “Ọlọ́run ò bá mi gbẹ́ kànga mi.”

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò yéé bá a sọ ọ́ ni Sabina, ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja ní ojúlé kejì. Ọ̀dọ̀ Sabina ni Hadassah máa ń wà bó bá ti ilé ìwé dé, títí baba rẹ̀ yóò fi ṣíwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, iná kan já láti ojú ọ̀run. Ó mọ́lẹ̀ yòò lórí ọ̀sà, ó dún gbàmù, ó sì balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilé pákó. Ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ ń rú èéfín, òórùn rẹ̀ sì ń ta èèyàn nímú. Àwọn kan ní ìràwọ̀ ló já. Àwọn kan ní irin ara ọkọ̀ òfúrufú ni. Kálukú gbé ọmọ rẹ̀, ó sá wọlé.

Ọláwuyì kò sá. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ní abúlé wọn pé òkúta tó bá ti òkè já bọ́ kì í ṣe ohun lásán, pé omi tí wọ́n bá fi fọ̀ ọ́ ń fa èrò. Oṣù yẹn gan-an ni ẹlòmíràn sì gbẹ́ kànga tirẹ̀ sí ọ̀nà Pedro, àwọn oníbàárà ti ń yọ́ lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó mú ṣọ́bìrì, ó wú òkúta náà. Ó dúdú, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ó fi aṣọ pupa dì í, ó gun irin lọ sókè, ó sì jù ú sínú táǹkì.

Èrò wá lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ní ọ̀nà Pedro ló bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Ọláwuyì kò ro ìyẹn rárá. Òkúta rẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àìsàn bẹ̀rẹ̀. Saheed tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ó ń bì, inú ń run ún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á bí ẹni ń gún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ ilé mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó kà á mọ́. Ewúrẹ́ pàápàá ń ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Wọ́n da iyanrìn dí ihò náà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ṣe àdúà, àìsàn náà kò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin Saheed, ọkọ̀ kan kò jáde sí ọ̀sà.

Ọláwuyì wà níbi ìsìnkú yẹn. Ó ti fura. Gbọ́ ohun tó ṣe: ó ra omi inú ọ̀rá jọ sí yàrá rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún Hadassah kó má mu omi ẹ̀rọ wọn mọ́. Ti inú táǹkì ló wá ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ìkà ni, mi ò ní bò ó. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá yọ òkúta náà, wọ́n lè rí i, wọ́n sì lè lù ú pa. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la lòun máa yọ ọ́.

Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn aláìsàn jẹ. Kò sí ilé tí kò jẹ ẹja Sabina. Kí wọ́n tó béèrè tán, ariwo ti ta. Wọ́n fọ́ ààrò rẹ̀, wọ́n da ẹja rẹ̀ sínú ọ̀sà. Hameedat, opó Saheed, fà á láṣọ mú: “Ẹ ti pa ọkọ mi! Mọ̀mí, ẹ ti pa ọkọ mi!”

Ọláwuyì dúró síbi ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sabina gbé kẹ́ẹ̀gì wá pọn omi. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ̀mí.”

“Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe ẹja mi,” ni Sabina wí. “Ó mọ ohun tó pamọ́ fún gbogbo wa. Ọláwuyì, ìwọ náà rí bí ikú ṣe ń rìn kiri. Jẹ́ kí Jésù gba ayé ẹ. Ó ti tó gẹ́ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ òkúta náà dé ètè Ọláwuyì. Ó gbé e mì. “Ó dọ̀la, Mọ̀mí. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe.”

“Ọ̀la wo?”

Ọláwuyì gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì gbé e rù ú.

Ọjọ́ kẹta, Hadassah bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

“Ṣé o mu omi ẹ̀rọ wa ni?”

“Rárá, Dádì. Ti ilé Mọ̀mí Sabina ni mò ń mu.”

Ọláwuyì rántí kẹ́ẹ̀gì tó gbé ru Sabina. Ó gbé ọmọ náà sáré dé ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti bá Sabina lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù, ètè rẹ̀ gbẹ. Wọ́n tẹ́ Hadassah sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Dókítà náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dọlápọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. “Bàbá, gbogbo yín lẹ ń pariwo ẹja. Ọmọ yìí ní òun kì í jẹ ẹja rárá. Májèlé ni mo rò pé ó jẹ́, ṣùgbọ́n tí mi ò bá mọ irú ẹ̀, mi ò mọ oògùn tí màá lò. Kí ló wọnú ọmọ yín?”

Ọláwuyì wo ọmọ rẹ̀. Ó wo Sabina. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

“Èmi ni. Òkúta yẹn wà nínú táǹkì mi. Mọ̀mí, kì í ṣe ẹja yín.”

Dókítà sáré jáde, fóònù ti wà létí rẹ̀. Sabina di ojú, omijé ń ṣàn.

“O rù mí lómi, Ọláwuyì. O fi ọwọ́ ara ẹ rù mí.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n Jésù ti dárí tèmi jì mí, mi ò lè di tìẹ sínú. Sọ fún un bí o ṣe sọ fún mi yẹn.”

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin tó ń fi Ọlọ́run rẹ́rìn-ín gbàdúrà: “Jésù, èmi ni mo ṣe é. Mi ò ní àwáwí. Ìwọ tí o kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, gbà mí.” Ó dìde, ó lọ bá Hameedat nínú ọgbà ọsibítù, ó sì jẹ́wọ́ fún òun náà. Hameedat gbá a létí. Kò fi ọwọ́ bojú. Èrò rọ́ bò ó, àwọn ọlọ́pàá ló sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n da omi táǹkì náà nù, wọ́n gbé òkúta náà lọ. Hadassah yè, ṣùgbọ́n títí di òní, bíírò ṣì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sabina kò yè. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin.

Ọláwuyì wà lẹ́wọ̀n, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ Jésù fún àwọn tó wà níbẹ̀. Òun ló ní kí n kọ ìtàn yìí, kí n má sì bo ohunkóhun. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ji òun. Ó sì mọ̀ pé ká ní òun sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí Sabina gbé kẹ́ẹ̀gì wá, bóyá obìnrin náà ì bá wà láàyè.

Ìwọ tó ń kà á, kí ni o fi pamọ́? O lè máa dáàbò bo àwọn ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì gba ilé ẹlòmíràn wá bá wọn. Jésù mọ̀ ọ́n, Ó sì ti san gbèsè rẹ̀ lórí igi àgbélébùú. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Pe ohun tí o fi pamọ́ náà ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, kí o sì ní kí Ó gbà ọ́, lónìí yìí.

Má sọ pé ó dọ̀la. Ohun tí Ọláwuyì sọ náà nìyẹn, ó sì gbé omi ru Sabina.