Ẹsẹ̀ Tí Ìgbálẹ̀ Kò Lè Gbá

Ilẹ̀ tí Àràmọ́tù bá gbá, bí ìwé ló rí fún un. Kí oòrùn tó yọ, yóò ti gbá àgbàlá ilé rẹ̀ ní Titirou, àdúgbò kan ní Parakou, yóò jókòó sórí àpótí, yóò sì máa ka ẹni tó kọjá. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rèé, ẹsẹ̀ adìẹ rèé, ti Ṣítù ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rèé, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Ọlágbénró ayálégbé rẹ̀ lọ fa omi ní kànga, ó sì padà. Ìyá arúgbó náà wo ilẹ̀, ó tún un wò.

"Mùsé," ó rọra pè é, bí a ti ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, "ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Ọlágbénró wo ẹ̀yìn. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ìdí kànga, kò sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan lórí iyanrìn. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, olùkọ́ èdè Látìn ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Parakou, ní ọdún kẹrin tí ilẹ̀ wa gba òmìnira. Ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Ṣítù da ṣímẹ́ǹtì tuntun sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì wá kí i lọ́jọ́ náà. Ọlágbénró bọ́ bàtà, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ṣímẹ́ǹtì tútù, ó kọjú ìka sí inú ilé, ó sì fi ìṣó kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀: VESTIGIUM.

"Àtẹ́lẹsẹ̀ làwọn ará Róòmù ń pè bẹ́ẹ̀," ó wí fún wọn. "Wọ́n tún ń pe ojú ẹsẹ̀ tó kù nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ohun tó ti lọ. Títọ ipasẹ̀ ẹran ló bí ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń pe ìwádìí lónìí, investigation."

"Níbo làwọn ará Róòmù fúnra wọn ti rí ọ̀rọ̀ náà, Mùsé?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ipasẹ̀, ipasẹ̀ tirẹ̀ ti parẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àràmọ́tù kò bá wọn rín. "Àràárọ̀ ni ìgbálẹ̀ ń kó ẹsẹ̀ wa padà fún wa," ó ní, "òun la fi ń rí èyí tí a ó gbé lọ síbòmíràn. Èyí tí ìgbálẹ̀ kò lè gbá ńkọ́?" Ọlágbénró ní kí ìyá má ṣèyọnu, ayé ti là. Ọ̀rọ̀ àgbà sì rèé, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́.

Ọjọ́ tí iyanrìn kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni tẹlígíráàmù dé láti Ṣábẹ̀. Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ti bí ọkùnrin, àkọ́bí wọn. Inú Ọlágbénró dùn débi pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ iyanrìn. Kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbi ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ. Ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó jókòó létí fèrèsé. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọlágbénró ṣẹ́jú. Ìgbà tó lajú, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló dúró sí, báàgì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ojú ẹsẹ̀ ṣímẹ́ǹtì náà, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ kàmíyọ̀n akẹ́rù láti ọjà, lọ́jọ́ kẹta ó fẹsẹ̀ rìn. Ẹnu ọ̀nà kan náà ló bá ara rẹ̀, ibi tó lè rìn dé sì ń kúrú sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀rù wá bà á gidi. Ó bẹ Ṣítù kó fọ́ ṣímẹ́ǹtì náà. Ṣítù fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó sán níbi àtàǹpàkò. Ọlágbénró ké, ó ṣubú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ṣítù ju òòlù nù, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní Ṣábẹ̀, baba rẹ̀ jókòó ní Parakou, kò mọ orúkọ tí wọ́n pè é. Ó sunkún. Ta ni yóò sọ irú èyí fún? Ìtìjú mú un, ó kọ lẹ́tà sí Mojísọ́lá pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun wá. Bí ọmọ bá ti tó gbé rìn, kó gbé e wá kí òun rí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun aláásárì, Àràmọ́tù ń gbá àgbàlá, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọlágbénró. Ó kàn na ìgbálẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ ńlá náà, nínú ṣímẹ́ǹtì tó ti le bí òkúta, ojú ẹsẹ̀ kan wà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, òun náà kọjú sí inú ilé. Ọlágbénró fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó sì rọ̀.

"Ọmọ ta ló wọ ibí?"

"Ọmọ kankan ò wọlé," ni Àràmọ́tù wí. "Mùsé, ta lo ránṣẹ́ sí?"

Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ọlágbénró sáré. Ó dé ojúde, ó ṣẹ́jú, ẹnu ọ̀nà ló wà. Ó tún sáré. Ẹnu ọ̀nà náà ni. "Ìyá, ẹ gbà mí, ẹ bá mi dá Mojísọ́lá àti ọmọ padà!" Àràmọ́tù fi orúnkún tó ń dùn ún sáré jáde, ó gba ọ̀nà ọjà. Mojísọ́lá gba ọ̀nà kejì.

Ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mojí, má wọlé! Padà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

"Bàbá Ọláyínká," ó ní. Báyìí ni baba ṣe kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. "Ẹ ò wá, ẹ tún ń lé wa? Ẹ gba ọmọ yín jàre."

Ó ń bọ̀ lórí iyanrìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọmọ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọmọ tí kò tíì tẹlẹ̀ rí láyé, ó gbé e lé baba rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ wojú rẹ̀, ẹ̀yin ló jọ."

Ọlágbénró kò wo ojú. Ẹsẹ̀ ló wò. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà kún fún ṣímẹ́ǹtì tútù.