Safiyyah Dá Oògùn Rẹ̀ Dúró Nítorí Ọmọ

Abẹ́rẹ́ ni Ràfátù ń wá. Bọ́tìnnì aṣọ kan ló fẹ́ rán, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sì ti kán. Ó mọ̀ pé inú agolo bisikíìtì ni ìyàwó ọmọ òun ń kó abẹ́rẹ́ sí. Ó gbé agolo náà sọ̀kalẹ̀, ó ṣí i. Kò bá abẹ́rẹ́. Sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn mẹ́fà ló bá, hóró kan kò sì yẹ̀ lára wọn.

Agbowó ni wọ́n ń gbé: Ràfátù, Luqman ọmọ rẹ̀, àti Safiyyah, ìyàwó Luqman. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Safiyyah. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, jẹjẹrẹ mú un lọ́mú ọ̀tún. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán sun ojú ibẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Dókítà wá fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, kí àrùn náà má baà padà.

Ràfátù fẹ́ràn ìbéèrè. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ṣàngó, á fẹ́ mọ ohun tó dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo ni kì í béèrè, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn béèrè rẹ̀. Bí a kì í ti pe ejò ní ejò lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pe jẹjẹrẹ lórúkọ nílé rẹ̀. "Nǹkan yẹn" ni. Ó gbà pé bí àrùn náà bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, á yà wọlé.

Nígbà tí Safiyyah ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá oògùn lórí tábìlì.

"Ìyàwó, oògùn ta nìyí?"

"Tèmi ni, Mọ̀mí."

"Ṣé agolo ni wọ́n ní kó máa bá ọ lò ó?"

Safiyyah jókòó.

"Oṣù méjì rèé tí mo ti dá a dúró. Ìwé inú páálí rẹ̀ ní aboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Mo sì fẹ́ bímọ, Mọ̀mí. Tí mo bá dúró kí ọdún márùn-ún pé, ọjọ́ orí mi á ti lọ."

"Kí ni dókítà wí?"

"Mi ò bi wọ́n."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ̀rọ̀ nípa nǹkan yẹn."

Ràfátù wo ilẹ̀.

"Èmi ni lóòótọ́," ó ní. "Luqman ńkọ́?"

"Wọn ò mọ̀."

"Lọ́la, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ."

Dókítà Ayẹni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ló gbà wọ́n lálejò nílé ìwòsàn. Ràfátù kò dúró de ìkíni tán.

"Dókítà, obìnrin tó ti ní..." Ó yíjú wo Safiyyah. "Tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, ṣé ó tún lè bímọ?"

"Ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ, Màmá."

"Oyún ò ní jí i dìde?"

"Ìwádìí tí a ní títí di òní kò fi hàn pé oyún ń mú un padà. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí èèyàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀."

Safiyyah bá jẹ́wọ́. Dókítà kò bínú.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oyún ti dúró."

"Nǹkan oṣù mi ò wá láti ọdún tó kọjá, Dókítà."

"Ìyẹn ò ní kí oyún má dúró."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kò sí oyún.

"Ẹ padà sórí oògùn lónìí," ni dókítà wí. "Oṣù méjìdínlógún lẹ ti lò ó. Bó bá pé ọdún méjì, a ó yẹ ara yín wò. Bí kò bá sí ìfura, àwa la máa ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ ó dúró oṣù mẹ́ta, kó lè kúrò lára yín, kẹ́ ẹ tó wá oyún. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ ó padà sórí rẹ̀."

"Títí dìgbà yẹn ńkọ́?" ni Ràfátù bi í.

"Kí ọkọ wọn máa lo kọ́ńdọ̀mù."

"Ṣé èmi ni màá sọ fún un?"

"Ìyàwó rẹ̀ á sọ fún un, Màmá."

Safiyyah rẹ́rìn-ín.

"Ọmú kan ló kù. Ṣé á yó ọmọ?" ni Ràfátù bi í.

"Àwọn ìbejì ńkọ́, Màmá? Ṣebí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kàn wọ́n."

"Kò ní kó àrùn ran ọmọ?"

"Jẹjẹrẹ kì í gba inú omi ọmú ràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti padà sórí oògùn, kí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú." Dókítà kọjú sí Safiyyah. "Mi ò ṣèlérí ọmọ o. Oògùn tí a fà sí yín lára lè ti ba ẹyin tó ń di ọmọ nínú yín jẹ́ díẹ̀. Màá kọ ìwé fún yín sí dókítà àwọn tó ń wá ọmọ."

Nírọ̀lẹ́, Safiyyah sọ gbogbo rẹ̀ fún Luqman. Luqman dìde, ó bu omi wá. Safiyyah gbé oògùn mì lójú àwọn méjèèjì. Bóyá ọmọ á wá, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń dúró dè é pẹ̀lú ara líle.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ọ̀nà ọmọ kò dí mọ́ gbogbo yín. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ bímọ, nítorí ìgbà tó yẹ kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí oyún bá yín lórí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó tètè béèrè bí wọ́n ṣe lè bá a tọ́jú ẹyin rẹ̀ pamọ́ kí oògùn tó bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má pa ìyàwó ilé lẹ́nu mọ́. Ohun tí a kò bi dókítà, kò lè dá wa lóhùn.