Dígí Ara Ẹ̀rọ Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ìka ọwọ́ Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí ni Títílayọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò láràárọ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti wọlé, tí ó ń nàka sí ẹni tó pẹ́ dé, tí ó tún ń fi ọwọ́ kan náà ju ẹ̀pà sẹ́nu, ojú Títílayọ̀ á máa bá ìka náà lọ. Gbogbo wọn pé. Á wá rántí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ládépọ̀, tí ó ku àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan, inú rẹ̀ á sì le bí irin.

"Títí ọmọ jẹ́jẹ́," Májẹ́kódùnmí sọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, "kí lo máa ń wò lára mi gan-an? Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Àwọn ọmọbìnrin yòókù rẹ́rìn-ín.

"Rárá, sà," ni Títílayọ̀ dáhùn. "Ọwọ́ yín ló wù mí."

Ní ọdún 1997 nìyẹn, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Àlòkù ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kó o wá. Kò ní bọ́tìnnì. Ojú gíláàsì kan ló ní, tí àwòrán máa ń tàn lórí rẹ̀, tí ènìyàn yóò sì fi ìka tẹ̀. Dígí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Àwòrán aláwọ̀ ewé tó wà lókè ló ń ṣí móòdù, ìyẹn irin ńlá méjì tó ń pàdé láti tẹ ike gbígbóná di bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwòrán pupa tó wà nísàlẹ̀ ló ń pa á dé. Ilẹ̀kùn irin tó yẹ kó dáàbò bo ọwọ́, Májẹ́kódùnmí ti yọ ọ́ jù sẹ́yìn ilé, ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ pupa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké pé, "Ọwọ́ ńkọ́?" Kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ àfi tí ó bá gbọ́ "Ọwọ́ ti jáde." Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ké nítorí àwọ̀ ewé. Ta ni ohun tó ń ṣí ti ṣe léṣe rí?

Àwọ̀ ewé ló ṣe Ládépọ̀ léṣe. Ní ọdún tó ṣáájú, bọ́kẹ́ẹ̀tì há, Ládépọ̀ ti ọwọ́ bọ móòdù láti yọ ọ́, Májẹ́kódùnmí sì tẹ àwọ̀ ewé kí ó lè ṣí sí i. Móòdù pa dé mọ́ Ládépọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ nílẹ̀ tí Májẹ́kódùnmí fi lọ sọ fún Alàgbà Ọlátúnjí tó ni ilé iṣẹ́ náà pé Ládépọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kejì tẹ pupa. Ó ní ẹ̀rọ kì í purọ́, ènìyàn ló ń purọ́. Alàgbà gbà á gbọ́. Wọ́n dá Ládépọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti orí ibùsùn nílé ìwòsàn. Ládépọ̀ yìí ló ń rán Títílayọ̀ ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe jókòó sílé ní Okòkòmáíkò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Ìyá wọn ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Títílayọ̀ kò ní sùúrù ogún ọdún. Ó gba Ìbà lọ, ó fi orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ wá iṣẹ́ kí wọ́n má baà mọ̀ pé àbúrò Ládépọ̀ ni, Májẹ́kódùnmí fúnra rẹ̀ ló sì gbà á síṣẹ́.

Kùdírátù ló sún mọ́ jù níbẹ̀. Ọmọbìnrin aláwàdà ni, irun ló máa ń dì ní Ìyànà-Ìbà ní ọjọ́ Àìkú láti fi bọ́ ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà. Bí Títílayọ̀ kò bá gbé oúnjẹ wá, inú abọ́ Kùdírátù ni yóò ti jẹun.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ kejì tó jọ ti àkọ́kọ́. Bọ̀dá Ràsákì, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Àlàbá, wá tò ó, Títílayọ̀ sì ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí iná ṣe wọ inú ẹ̀rọ náà, Ràsákì di igun dígí mú, àwọn àmì bí àgbélébùú sì ń yọ lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka tẹ àárín wọn.

"Báyìí ni dígí ṣe ń mọ ibi tí ìka wà," ó ní. "Tó bá ti gbó, tí ooru sì mú un, ó máa ń yẹ̀. O ó tẹ òkè, ìsàlẹ̀ ni yóò gbọ́."

Títílayọ̀ kọ tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó bi í bóyá ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kí ni yóò dí i lọ́wọ́? Sọ fún ọ̀gá yín kó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ àwọn àmì yìí lára rẹ̀ kí n tó dé. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ibi tó yẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́ nìyẹn."

Títílayọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ nìkan kéré lójú rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, Alàgbà á ní kí wọ́n máa bínú, Májẹ́kódùnmí á ní òun kò mọ̀, á sì fi ọwọ́ tó pé jẹ oúnjẹ alẹ́. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí dígí purọ́ fún òun náà. Kí òun tẹ àwọ̀ ewé lójú gbogbo ènìyàn, kí móòdù pa dé mọ́ Májẹ́kódùnmí lọ́wọ́, kí òun sì wá sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í purọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí Májẹ́kódùnmí bi í ní ohun tí ó ń wò yẹn ni NẸ́PÀ mú iná lọ. Bí iná bá lọ báyìí, ike inú móòdù á tutù, á lẹ̀ mọ́ irin. Májẹ́kódùnmí fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yọ ọ́, ó ní àwọn ọmọbìnrin á ha móòdù lára. Á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á ní kí Títílayọ̀ tẹ àwọ̀ ewé. Gbogbo wọn ti lọ jẹun lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí iná dé. Títílayọ̀ di igun dígí mú. Gbogbo àmì tó yọ, òkè rẹ̀ ló tẹ̀, kì í ṣe àárín. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá tẹ òkè, ìsàlẹ̀ ni dígí yóò gbọ́.

Májẹ́kódùnmí wọlé, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó há, ó pòṣé, ó ní kí Títílayọ̀ sáré mú ìkọ́ bàbà wá láti yàrá ẹrù. Títílayọ̀ fẹ́ rán ẹlòmíràn. Májẹ́kódùnmí pariwo mọ́ ọn, ọmọbìnrin náà sì lọ, ó rò pé òun á padà kí ọkùnrin náà tó ṣe ohunkóhun. Àṣé bí ó ṣe jáde ni mọ́tò Alàgbà dé ẹnu géètì. Májẹ́kódùnmí kò fẹ́ kí epo ẹ̀rọ kan ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níwájú ọ̀gá. Ó pe Kùdírátù pé kí ó wá yọ ọ́.

Nígbà tí Títílayọ̀ padà dé, ọwọ́ Kùdírátù ti wọ inú móòdù dé ìgbọ̀nwọ́, ìka Májẹ́kódùnmí sì ti fẹ́ kan àwọ̀ ewé. Kò ké. Ẹnikẹ́ni kì í ké nítorí àwọ̀ ewé.

"Kùdí, yọwọ́!"

Títílayọ̀ ju ìkọ́ sílẹ̀, ó fò mọ́ súìṣì ńlá ara ògiri, ó já a wálẹ̀. Ẹ̀rọ náà kérora, ó kú. Ṣùgbọ́n móòdù ti bá orí ìka méjì Kùdírátù.

Wọ́n fi irin gbé móòdù, dírẹ́bà Alàgbà sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Kí eruku mọ́tò tó lọ, Májẹ́kódùnmí ti bẹ̀rẹ̀.

"Òun ló tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, sà. Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ fún wọn."

"Irọ́ ni," ni Títílayọ̀ sọ. "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé lẹ tẹ̀."

"Àwọ̀ ewé? Láti ìgbà wo ni àwọ̀ ewé ti ń pa móòdù dé?"

Alàgbà Ọlátúnjí, tó ti gbọ́ igbe náà láti ẹnu ọ̀nà, yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ó rọra bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé àwọ̀ ewé yóò pa á dé, tó fi ké kí ọ̀gá rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́.

Títílayọ̀ wo ẹ̀jẹ̀ Kùdírátù lára irin. Bí ó bá dákẹ́, orí Kùdírátù ni ẹ̀bi yóò wà, bí ó ṣe wà lórí Ládépọ̀. Ó wá jẹ́wọ́ ohun tó ṣe sí dígí. Ó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an, àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Májẹ́kódùnmí mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ẹ ti gbọ́, sà. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Alàgbà wo dígí náà. "Ràsákì fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé dígí lè yẹ̀," ó sọ fún Títílayọ̀. "Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá yẹ dígí yìí wò, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí ni yóò wá yẹ̀ wò báyìí?"

Wọ́n lé Títílayọ̀ ní ọjọ́ náà. Májẹ́kódùnmí kò lọ síbì kan, torí irọ́ tó pa mọ́ Kùdírátù kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọmọbìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Alàgbà ní kí wọ́n dá ilẹ̀kùn irin padà sára ẹ̀rọ, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ àwọ̀ kankan láìkọ́kọ́ béèrè ọwọ́.

Nígbà tí Títílayọ̀ sọ ọ́ nílé, Ládépọ̀ kò bú u.

"Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní ni dígí yẹn," ó ní. "Títí, ìwọ lo kọ́ ọ ní irọ́."

Ìka Kùdírátù jinná, ṣùgbọ́n kò lè di irun wẹ́wẹ́ mọ́. Títílayọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun á máa wá fọ aṣọ fún Kùdírátù àti ìyá rẹ̀ àgbà. Kùdírátù jẹ́ kí ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí Títílayọ̀ fẹ́ máa lọ ni Kùdírátù sọ fún un pé, "Májẹ́kódùnmí kò bi mí léèrè ọwọ́ kó tó tẹ dígí. Ìwọ náà kò bi mí."

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí a fi irọ́ jẹ níyà, òtítọ́ ni ohun ìjà rẹ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba òtítọ́ náà jẹ́ nítorí pé ó fẹ́ gbẹ̀san, ọ̀tá rẹ̀ á jàre lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò sì san gbèsè náà.