Yàrá Kẹta ní Òtẹ́ẹ̀lì Etí Ọ̀sà

Àlàájì Mùstàfá Ọládipọ̀ sálámà tán, ó yíjú padà, àpò wúrà tó gbé sórí bẹ́ẹ̀dì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ Sàdíátù Adéwọ̀yìn fi máa dé, wọ́n ti mú olè, lójú ara wọn. Loretta, obìnrin ará Chicago tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì náà, ni wọ́n fi jókòó sí kọ́rídọ̀, tí ọlọ́pàá méjì dúró tì. Ó ti bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Máníjà ní kí wọ́n ṣáà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kò sí iṣẹ́ fún un níbẹ̀ mọ́ láé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Sàdíátù ń gbé Calumet City, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, ó máa ń wa mọ́tò kọjá níwájú òtẹ́ẹ̀lì yìí, àmọ́ kò wọ inú rẹ̀ rí. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Igi gidi ń hù nínú ilé, omi ń já bọ́ láti òkè, lífìtì onígíláàsì sì ń gbé èèyàn lọ sókè lójú gbogbo ayé. Ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, tábìlì tẹ́tẹ́ lọ súà. Lọ́dún 1987 yẹn, ìjọba gbà kí wọ́n ta tẹ́tẹ́ bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ti àwọn aláìní, àwọn olówó sì ń fi ẹ̀rín ta á. "Sùbúhànọ́láì," Sàdíátù sọ ọ́ sínú. Ó gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé iṣẹ́ ló gbé òun wá.

Nínú yàrá, ó kúnlẹ̀ kí Àlàájì. "Ẹ kú ìnira, sà."

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìnira. Wúrà ìyá Kàfáyàtù ni. Ràhámọ̀tù ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó tó kú. Ìrọ̀lẹ́ òní la fẹ́ so yìgì ọmọ náà nílé yìí. Láti Ẹdẹ ni mo ti gbé e wá, àbúrò ìyàwó mi ló bá mi gbé ẹrù wọlé."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mo wà lórí ìrun ọ̀sán. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀dì dún díẹ̀. Kò tún sí nǹkan mìíràn."

"Ẹ ò wẹ̀yìn?"

Àlàájì wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ lọ̀. "Iwájú Ọlọ́hun ni mo wà. Ṣé kí n fi Í sílẹ̀ kí n máa ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Sàdíátù náà ń kírun, àmọ́ ó mọ ara rẹ̀, ojú òun ì bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún bàbá yìí gan-an. Bó ṣe ń rò ó lọ ni ẹ̀rù bà á: ẹni tó kó wúrà yìí mọ̀ dájú pé bàbá ò ní wẹ̀yìn. Níbo ni Loretta ti máa mọ̀ ọ́n?

Sàláhúdéènì, àbúrò olóògbé Ràhámọ̀tù, ló wà ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àlàájì. Bolingbrook ló ń gbé, ọ̀gá sì ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Romeoville. Ilẹ̀kùn kan wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti àna rẹ̀, nítòsí ẹnu ọ̀nà, tí ìhà méjèèjì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

"Inspector, kí lẹ tún ń wádìí?" ló wí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Obìnrin yẹn kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, mo ní kó come back later. Ọ̀sán pọ́n, wúrà lọ. Ta ni ò mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wà nígbà náà?"

"Nínú yàrá mi, mò ń ṣàlùwàlá. I was coming to join them."

"Ta ló yan yàrá yìí?"

"Èmi ni. Ṣé kí àgbàlagbà wá láti Ẹdẹ kó máa sùn sí basement mi ni? Mo fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀sà dáadáa. That's the only reason."

Sàdíátù lọ síbi fèrèsé. Omi náà lọ títí, ó lọ pàdé sánmà. Àmọ́ òpó ńlá kan ló bo ìdajì rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Shirley, ẹni tó ń fún àwọn àlejò ní yàrá. Gẹ̀ẹ́sì ni òun àti Loretta ń sọ o, èmi ni mò ń tú u fún yín.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn? Ó yọ mí lẹ́nu," Shirley wí. "Mo fi yàrá tó kọjú sí ìgboro hàn án, ó ní ti ọ̀sà lòun fẹ́. Mo mú un lọ sí èyí tó dára jù nínú ti ọ̀sà, owó kan náà ni. Kò wo omi rárá. Ó kàn dúró, ó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀kùn àárín, ó ní rárá. Ìkẹta, èyí tó ní òpó, ló wá gbà."

"Ẹ mú mi lọ sí ìkejì."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Sàdíátù dúró gbagidi. Gíláàsì ni láti ògiri dé ògiri, bí ẹni pé omi fẹ́ wọlé wá kí i. Ọkọ̀ ojú omi funfun ń lọ lókèèrè, oòrùn ń tàn yòò lórí ìgbì. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ojú ò tì í. Ta ló máa rí èyí, tó máa lọ yan òpó?

Lẹ́yìn náà ló wá ṣe bíi Sàláhúdéènì. Ó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí gábàsì bí ẹni tó fẹ́ wọ ìrun. Ilẹ̀kùn àárín ti yàrá yìí wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbabẹ̀ wọlé, ẹni tó ń kírun á rí i. Gbogbo rẹ̀ wá yé e.

Ó kó gbogbo wọn jọ sí yàrá Àlàájì: Sàláhúdéènì, máníjà, Loretta, àti Kàfáyàtù tí làálì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ dúró bí ẹ ṣe dúró lórí ìrun."

Ọlọ́pàá kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ilẹ̀kùn ńlá náà pa dé gbàà.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn lọ́sàn-án?"

"Rárá."

Sàdíátù fúnra rẹ̀ wá gba ilẹ̀kùn àárín wọlé. Kò dún rárá, àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìyẹn ni," Àlàájì wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n Sàláhúdéènì, ẹ̀yin lẹ gbé ẹrù wọn wọlé, ìgbà yẹn lẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ ìhà tiwọn. Ẹ ò wá ọ̀sà kankan. Nínú yàrá àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa kọjú sí kírun. Nínú ìkejì, wọ́n máa rí yín. Yàrá yìí nìkan ni ẹ ti lè wọlé láti ẹ̀yìn wọn."

"That's not proof. Ẹnikẹ́ni lè yan yàrá."

"Ẹ ní àlùwàlá lẹ̀ ń ṣe." Ó wọ báàfù Sàláhúdéènì, ó gbé kẹ́tù oníke tó fi ń ṣàlùwàlá jáde. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fa àpò àrán pupa kan yọ, ó da yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Sàláhúdéènì jókòó. "Wúrà màmá mi ni. Ràhámọ̀tù ni wọ́n fún. Ó kú, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á di ti ilé onílé."

"Àǹkù," Kàfáyàtù wí, "tí ẹ bá ti sọ fún mi ni, mà bá pín in fún yín."

Àlàájì kò wo wúrà. "O mọ̀ pé mi ò ní wẹ̀yìn," ló wí. "Ohun tí o fi mú mi nìyẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ti ẹni tó ni wúrà, ẹbí lè sọ ọ́ nílé; ti olè jíjà, ó di ti òfin," Sàdíátù wí. "Àmọ́ ẹ gbọ́ tí obìnrin yìí ń bẹ̀bẹ̀, ẹ pa òwe àjẹ́ lé e lórí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"I'm sorry, ma," Sàláhúdéènì wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Máníjà náà kùn pé kí Loretta padà sẹ́nu iṣẹ́. Àlàájì nu ojú, ó wá dúró níwájú Loretta, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ní bẹ̀ ẹ́ pé òun náà wà lára àwọn tó pè é lólè.

Loretta di ọwọ́ bàbá náà mú. "Mo dárí jì yín, bàbá. Ẹ̀yin ò rí ẹni tó wọlé." Ó wo Sàláhúdéènì, tí ọlọ́pàá ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. "Òun mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó, ó ń wò mí."