Ìbídùn àti Wọ́njọ Tútù

Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ní Banjul, olú ìlú Gambia, wọ́njọ ni gbogbo ọmọdé máa ń béèrè. Sóbò tiwa náà ni, wọ́n kàn ń dì í sínú ọ̀rá kó di yìnyín ni. Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè dá rìn, ṣùgbọ́n bó bá rí ọ̀rá pupa yẹn, inú rẹ̀ á dùn. Àríkẹ́, ìyá rẹ̀, á ní, "Ìyá mi kékeré, gbà."

Láti bí oṣù kan ni ọmọ náà ti ń fi ìkúùkù lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Àríkẹ́ á fún un ní wọ́njọ kó lè dákẹ́. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ojú rẹ̀ ti wú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bánkọ́lé bàbá rẹ̀ mú ìborùn wá.

"Àríkẹ́, jẹ́ ká de ọwọ́ rẹ̀. Ó máa fọ́ ara rẹ̀ lójú."

"Bàbá Ìbídùn, ọmọ wa kì í ṣe ewúrẹ́."

"Ṣé mo ní ewúrẹ́ ni? Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Màmá Nafisatou, nọ́ọ̀sì aládùúgbò wọn, ti kanlẹ̀kùn. Ọmọ Aku ni, àwọn ará Gambia tí ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Krio, èdè Aku tó jọ pidgin, ni òun àti tọkọtaya náà jọ máa ń sọ, ṣùgbọ́n ìkíni rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá.

"Kúṣẹ́ o. Kí lẹ fẹ́ fi ìborùn ṣe?"

Wọ́n ṣàlàyé. Kò bá wọn wí. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó fi tìmùtìmù sáàárín ìkúùkù àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àríkẹ́ gbé wọ́njọ wá. Ìbídùn fà á mu lẹ́ẹ̀mejì, ó fajú ro, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan yìí náà ló máa ń lù?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ọ̀tún nìkan ni, mà."

"Ìgbà wo lẹ wo inú ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́, mà," ni Àríkẹ́ dáhùn. Ìbídùn kì í gbà kí wọ́n fọ eyín fún òun, ó sì ti sú wọn. Bánkọ́lé mọ ohun tí í pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín: ó díbọ́n bí ẹni tó ń sín. Bí Ìbídùn ti la ẹnu rẹ́rìn-ín, Màmá Nafisatou tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eyín kan lápá ọ̀tún, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ti jẹrà, ìdí rẹ̀ sì wú.

Omijé bọ́ lójú Àríkẹ́. "Ohun tó dùn ni mo rò pé mò ń fún un, òun ló sì ń dùn ún."

"Ìfẹ́ lẹ fi fún un, ẹ ò mọ̀ ni. Ṣúgà àti òtútù inú rẹ̀ ló ń ta eyín náà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín."

Lọ́jọ́ Ajé, Bánkọ́lé kò lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kanifing. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì yọ eyín náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ìbídùn kò lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ṣì máa ń bu ara rẹ̀ lọ́wọ́ jẹ bí ariwo bá pọ̀. Wọ́n á gbé e lọ síbi tó pa rọ́rọ́, wọ́n á máa rọra fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má nà án, ẹ má dè é. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ dáàbò bò ó. Ẹ kíyè sí ìgbà tó ń ṣe é àti ibi tó ń lù, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ eyín, etí àti inú rẹ̀ wò. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ìrora ń fà á, ṣùgbọ́n ìrora ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọwọ́ tí Bánkọ́lé fẹ́ dè yẹn, òun ni ọmọ rẹ̀ fi ń ké sí i.