Okùn Ọrùn Valli

Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Aadi, lọ́dún kẹta tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin láti ilẹ̀ Maisuru ti dáná sun ọkọ̀ ńlá tí a fi ń sọdá, odò Kaveri kún bo àtẹ̀gùn òkúta mẹ́ta. Gbogbo obìnrin abúlé wa tó lọ́kọ sọ̀kalẹ̀ wá pààrọ̀ okùn ọrùn wọn, àmì pé ọkọ wọn wà láàyè, tòdòdó tòdòdó lórí, okùn tuntun tí wọ́n ti fi ata ilẹ̀ pupa rẹ sì wà nínú àwo idẹ.

Ọdún méjìlá ni Karuppayi fi ń ṣáájú wọn, torí Marudai ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń ṣí omi sóko. Lọ́dún yìí, Marudai ní kí Valli ìyàwó kékeré ṣáájú, nítorí oyún inú rẹ̀.

“Karuppayi, ẹ̀yìn náà lo wá wà yìí?” Pechi aládùúgbò wọn bi í. “Ó mà ṣe o!”

“Gbọ́ tìẹ, Pechi.”

Karuppayi kì í ṣèèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n owú ń jẹ ẹ́. Bí Valli ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bọ́jú, Karuppayi mú okùn tuntun inú àwo ìyàwó kékeré náà, ó fi í pamọ́ sí ìdí aṣọ ara rẹ̀.

Ìkánjú ọmọdé sì ni ti Valli. Ó gé ti àtijọ́, ó jù ú sódò, kó tó wo àwo.

“Okùn mi dà?”

“Yéè! Ọrùn rẹ̀ ṣófo!” Ariwo ta. Tuntun ló ń kọ́kọ́ gorí ọrùn kí ti àtijọ́ tó kúrò. Ọrùn òfìfo, ọrùn opó ni.

Òdìkejì odò, nílé òrìṣà, nìkan ni okùn mìíràn wà. Marudai, tó wà létí odò, fò sínú ọkọ̀ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi awọ bò, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wa.

“Ẹ dúró ná!” Karuppayi ké.

“Kí ló dé?” Ọrùn Valli ni Marudai ń wò bó ṣe ń dáhùn. Kò wo ìyàálé rẹ̀ rárá.

“Kò sí nǹkan,” Karuppayi wí.

Lágbedeméjì odò, awọ ya. A rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ odò.

Lọ́jọ́ kẹwàá, àwọn opó àgbà kó àwọn méjèèjì wá sórí àtẹ̀gùn yẹn láti gé okùn ọrùn wọn. Ti Valli kò sí níbẹ̀ tí wọn ó gé. Karuppayi bá tú ìdí aṣọ, ó fa okùn kan yọ, àwọ̀ rẹ̀ ò tíì ṣá.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i?” Valli bi í.

“Ọwọ́ mi ló wà látọjọ́ náà.”

Valli gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn kí ìyàálé rẹ̀ lè kọ́kọ́ kọjá síwájú àwọn opó tó fẹ́ gé okùn.

“Ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Ipò yín ni.”