Àwọn Kòkòrò Tí Kì Í Jẹni Lórí Kànga Alhaja

Wọ́n jọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹni. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ ba Rahama lẹ́rù. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gáríbì, wọn a rú bí èéfín lórí kànga tí Alhaja, ìyá ọkọ rẹ̀, gbẹ́ kó tó kú. Wọn a dúró bí obìnrin tó tẹ̀ sápá òsì. Bí Alhaja ṣe máa ń dúró láyé nìyẹn.

Ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe Ruqoyyah, ọmọ kan ṣoṣo tí Rahama bí, fún ọjọ́ mẹ́rin. Oògùn kò ràn án. Rahama ní kí wọ́n pa kànga náà tì. Alfa Hamzah, ọkọ rẹ̀, bu omi náà, ó gbé e mì.

"Àwọ̀ rẹ̀ kò yí, òórùn rẹ̀ kò yí, adùn rẹ̀ kò yí. Omi mímọ́ ni. Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kéwú?"

"Alfa, ìdin pupa ń bẹ nínú rẹ̀."

"Yọ ọ́ dànù."

Ọ̀rọ̀ náà sú Rahama pátápátá. Ó pe Toyyib, ọmọ aládùúgbò tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì. Toyyib da omi kànga náà sínú abọ́ funfun.

"Ìyá Ruqoyyah, ọmọ àwọn tó ń fò yẹn ni. Ẹ̀yà wọn pọ̀. Àwọn kan ò lè gbé inú omi ẹlẹ́gbin rárá. Ṣùgbọ́n pupa yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń di atẹ́gùn mú. Ibi tí àwọn yòókù kú sí ló ti ń bí sí i. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù níbí. Ṣé kò sí ṣáláńgá nítòsí?"

Alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tuntun lẹ́yìn ọdún Iléyá. Apá òsì kànga ni.

Nígbà tí Alfa gbọ́, ẹ̀rín ló fi ṣe. "Kòkòrò ti di àlùkálì tó ń dájọ́ nílé mi!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Rahama fi ìbínú gbé páànù bo kànga, ó yí òkúta lé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohunkóhun kò rú jáde níbẹ̀. Alfa gbé búútà àlùwàlá rẹ̀ jáde. Èéfín kòkòrò náà sì dúró lé e lórí, ó tẹ̀ sósì.

"Alfa, ẹ wo òkè orí yín."

Alfa gbójú sókè, kò rí nǹkan kan. Ó yíjú sí i kó bá a wí. Búútà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rahama," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ta ló dúró lé ìwọ náà lórí?"

Gbogbo ilé ló ti mu nínú omi yẹn. Kí Rahama tó fọhùn, Ruqoyyah pè é láti inú yàrá:

"Màámi, ẹ bá mi bẹ Alhaja. Kí wọ́n dìde kúrò lórí mi."